Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Pákó Ilé Ìdáná àti Balùwẹ̀ Lọ́wọ́ Omi



Nínú gbogbo ohun tí a ń kọ́ níhìn-ín láti lọ fi kọ́ àwọn ọmọdé, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìtọ́jú ilé ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa máa ń fi ojú kékeré wò. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó mọ ìṣirò dáradára, ṣùgbọ́n tí kò mọ ìdí tí tábìlì ìyá rẹ̀ fi ń jẹrà, kò tíì kọ́ ẹ̀kọ́ tán. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ pákó àti omi wò, kí olúkúlùkù lè rí ohun tí yóò mú lọ sí kíláàsì rẹ̀.

Nígbà tí mo bá sọ pé pákó, àwọn pákó pẹrẹsẹ tí a fi ń ṣiṣẹ́ níbi tí omi kì í ti í tán ni mo ní lọ́kàn: orí tábìlì tí a ń gé ẹ̀fọ́ lé, pẹpẹ tí a ń da ojú àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ dé sí, pákó tí ó yí síńkì ká, àti èyí tí garawa àti ọṣẹ ń jókòó lé ní balùwẹ̀.

I. Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ará Èkó

Erékùṣù ni Èkó. Ọ̀sà yí i ká, òkun kò sì jìnnà sí i. Oṣù Òkúdù ni òjò ibẹ̀ máa ń pọ̀ jù lọ. Ọyẹ́ tí ì bá sì gbẹ ilé kì í pẹ́ kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo wa ni ó mọ̀ pé aṣọ tí a sá nígbà òjò kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Bí aṣọ ti rí ni pákó rí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé a kì í ká pákó wọlé.

Láti Ìta Tinúbú títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó, agbo ilé pọ̀ níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ti ń lo ilé ìdáná kan àti balùwẹ̀ kan pọ̀. Pákó tí ì bá rí omi lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ní ilé ẹni kan ń rí i níbẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di ìgbà tí ẹni ìkẹyìn yóò lọ sùn. Bí ó bá sì jẹ́ ti ìyá tí ń se oúnjẹ tà, tábìlì yẹn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ó bá là, ìdọ̀tí ẹran àti ti ẹja yóò máa sá pamọ́ sínú rẹ̀. Bí ó bá wó, ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ó yẹ kí a rántí bí omi ṣe wọ inú ilé pẹ̀lú. Kí iṣẹ́ omi Ìjù tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1910, kànga ni àwọn ará Èkó ń pọn. Títí di òní ni a ń pe ilé ìdílé da Rocha ní òpópó Kákáwá ní Ilé Omi, nítorí kànga ibẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń wá ra omi nínú rẹ̀. Ẹni tí ó fi owó ra omi, tí ó sì fi orí rù ú, kò jẹ́ dà á sórí tábìlì lásán. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí gba inú páìpù wọlé, ìṣọ́ra yẹn dínkù. Ẹ̀rọ omi tí ń jò ní kíkán, kíkán, kì í sì í sinmi lọ́sàn-án tàbí lóru.

Ìta Tinúbú fúnra rẹ̀, tí a fi orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú pè, ìyá oníṣòwò ńlá tí ó kú ní 1887, lè kọ́ wa ní ẹ̀kọ́. Nígbà òmìnira ní 1960, àwọn ará Lẹ́bánónì tí ń gbé Èkó fi ìsun omi ta ìlú lọ́rẹ ní gbàgede náà. Òkúta àti sìmẹ́ńtì ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí náà omi lè máa dà lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Igi kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́bàá gbàgede yìí kan náà ni ilé tí a ń pè ní Ilojo Bar wà rí, èyí tí a kọ́ ní 1855 ní ọ̀nà tí àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíìlì dé fi ń kọ́lé. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, ṣùgbọ́n a wó o ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ọwọ́ ènìyàn ni ó wó o, kì í ṣe omi. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé ohunkóhun tí a kò bá tọ́jú, ìbáà ṣe ilé ńlá tàbí tábìlì kékeré, kì í ṣòro láti rí àwáwí tí a ó fi sọ ọ́ nù.

II. Ohun tí igi jẹ́

Bí a bá fi ọ̀bẹ mímú gé igi, tí a sì wo ojú ibi tí a gé náà fínnífínní, a ó rí ihò wẹ́wẹ́. Àwọn ihò wọ̀nyí ni ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè láti gbòǹgbò dé ewé nígbà tí igi wà láàyè. Igi kú, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò dí. Nítorí èyí ni omi fi ń yára wọ inú pákó láti ẹnu gígé rẹ̀, ní orí àti ní ìdí, ju bí ó ti ń gba ojú pẹrẹsẹ rẹ̀ wọlé lọ. Ẹni tí ó bá fi òróró pa ojú tábìlì tí ó sì gbàgbé ẹnu gígé dà bí ẹni tí ó ti fèrèsé tí ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Nígbà tí igi bá mu omi, ó ń wú. Nígbà tí ó bá gbẹ, ó ń sún kì. Ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ ni ó ń wú. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Bí òkè pákó bá tutù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ, apá kan yóò fẹ́ fẹ̀, èkejì kò ní fẹ́. Báyìí ni pákó ṣe ń tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Bí a bá sì fi ìṣó kàn án pinpin tí kò rí ààyè wú, yóò là. Láti inú èyí ni a ti rí òfin àkọ́kọ́: ohun tí a bá ṣe sí òkè pákó ni kí a ṣe sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.

III. Àwọn tí ń tẹ̀lé omi wọlé

Omi nìkan kọ́ ni ó ń pa igi. Ó ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn mìíràn ni.

Èkíní ni olú. Ẹbí kan náà ni olú tí ń jẹ igi jẹ́ pẹ̀lú èyí tí ń mú búrẹ́dì bu. Kò lè jẹ igi gbígbẹ. Bí omi tí ó wà nínú igi kò bá kọjá ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo igi náà nígbà tí ó gbẹ pátápátá, igi náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ni pé pákó tí ó wúwo tó pọ́n-ùn 10 nígbà tí ó gbẹ kò gbọdọ̀ ní omi tí ó ju pọ́n-ùn 2 lọ nínú fún ìgbà pípẹ́.

Èkejì ni ikán, ẹni tí ó fẹ́ràn igi tútù tí ó ti ń rọ̀. Ẹ̀kẹta ni ìpẹtà. Nígbà tí ìṣó tàbí ìkòkò irin bá tutù lórí igi, ìpẹtà rẹ̀ yóò pàdé oje inú igi, wọn yóò sì di àbàwọ́n dúdú tí ó wọlé jinlẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, “Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń so gẹdú pọ̀ tí a ń fi ọ̀sà gbé wọn dé ilé ìlagi Òkò Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta. Bí omi bá ń ba igi jẹ́, kí ni kò jẹ́ kí àwọn wọ̀nyẹn jẹrà?” Ìbéèrè rere ni. Olú ń fẹ́ omi, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ pẹ̀lú. Igi tí ó rì sínú omi pátápátá kò ní afẹ́fẹ́ tó, nítorí náà olú kò rí i jẹ. Èyí tí ń tutù lónìí, tí ń gbẹ díẹ̀ lọ́la, tí ó tún ń tutù, òun ni ó wà nínú ewu jù lọ. Irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ti tábìlì ilé ìdáná.

IV. Yíyan igi

Gbogbo igi kọ́ ni ó rí bákan náà. Ìrókò ní ohun kan nínú ara rẹ̀ tí olú àti ikán kò fẹ́, ó sì ń fara da omi. Apá dára púpọ̀ nítorí pé kì í wú bẹ́ẹ̀ ni kì í sún kì púpọ̀. Òpepe le, ó sì ń pẹ́. Ọ̀gànwó wà láàárín. Arère àti àfárá fúyẹ́, wọ́n rọrùn láti gé, owó wọn kò sì pọ̀ tó ti ìrókò, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ níbi tí omi bá wà. Bí ó bá jẹ́ wọn nìkan ni apá wa ká, kí a lò wọ́n, ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé ìtọ́jú wọn gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti ìrókò lọ. Kí ẹni tí ó bá sì ń fá ìrókò fi aṣọ bo imú, nítorí eruku rẹ̀ a máa yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu.

Igi tí ó dàgbà tó láti la tábìlì ti wà nínú igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fi àáké kàn án, ìrókò ńlá kò sì wọ́pọ̀ mọ́ bí ti àtijọ́. Èyí pẹ̀lú jẹ́ ìdí tí kò fi yẹ kí a jẹ́ kí omi jẹ ẹ́ lásán.

V. Òróró, ìda àti fánísì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi epo pupa tàbí òróró ẹ̀pà pa pákó. Èrò wọn dára, ṣùgbọ́n kò ṣe iṣẹ́ tí a fẹ́. Àwọn epo wọ̀nyí kì í gbẹ. Wọn a máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, eruku a lẹ̀ mọ́ wọn, wọn a sì máa rùn bí ó bá pẹ́. Òróró tí a fún láti inú èso ọ̀gbọ̀, tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń pè ní lìnsíìdì, yàtọ̀. Òun ń gba afẹ́fẹ́ sára, ó sì ń gan nínú ihò igi títí omi kò fi ní rí ọ̀nà wọlé ní wàràwàrà.

Báyìí ni kí a ṣe é:

1. Kí a jẹ́ kí pákó gbẹ dáadáa nínú afẹ́fẹ́ lábẹ́ òjìji, kì í ṣe nínú oòrùn gangan, kí ó má baà là. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù.

2. Kí a fi bébà oníyanrìn ha á, ní títẹ̀lé ọ̀nà tí iṣan igi gbà, títí yóò fi dán. Kí a nu eruku rẹ̀ kúrò.

3. Kí a fi àkísà pa òróró sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lókè, nísàlẹ̀ àti ní etí. Ní ẹnu gígé, kí a máa pa á títí kò fi ní mu mọ́.

4. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí a nu gbogbo èyí tí igi kò mu kúrò. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò máa lẹ̀.

5. Kí a jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ kan ó kéré tán, kí a sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Mo bẹ yín, ẹ fi etí sí èyí: àkísà tí a fi pa òróró lìnsíìdì léwu. Bí òróró náà ti ń gbẹ ni ó ń mú ooru wá. Bí a bá ká àkísà náà jọ sí igun ilé, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde, àkísà náà sì lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Nínú agbo ilé tí àwọn yàrá fi ara kan ara, ẹ mọ ohun tí èyí lè dà. Kí a na ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀ ní ìta títí yóò fi gbẹ gan-an, tàbí kí a rì wọ́n sínú agolo omi tí ó ní ìdérí.

Òróró lìnsíìdì tí a ń pè ní sísè sábà máa ń ní àwọn èròjà mìíràn tí a fi mú un yára gbẹ. Nítorí náà, níbi tí oúnjẹ bá ti ń kan pákó, kí a lo ògidì rẹ̀ tí kò ní àdàlù, kí a sì fi ìda oyin kùn ún lẹ́yìn rẹ̀. Fánísì dára fún pẹpẹ balùwẹ̀ níbi tí a kì í ti í lo ọ̀bẹ. Kò dára fún ibi tí a ń gé nǹkan, nítorí ọ̀bẹ yóò là á. Omi yóò gba ibi tí ó là wọ abẹ́ rẹ̀, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fi ìṣó kan rọ́bà tàbí páànù mọ́ orí tábìlì. Lókè ó ń dán. Nísàlẹ̀, omi tí ó gba ihò ìṣó wọlé ń ba igi jẹ́ níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé.

VI. Ibi mẹ́ta tí a sábà ń gbàgbé

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Omi pẹ̀lú kì í fi ipá wọlé; ó ń wá ibi tí ojú wa kò sí.

Ibi kìn-ín-ní ni ẹ̀yìn síńkì, níbi tí pákó ti pàdé ògiri. Kí a fi sílíkọ́ọ̀nù dí àlàfo ibẹ̀. Sìmẹ́ńtì kò tọ́, nítorí igi ń wú ó sì ń sún kì, sìmẹ́ńtì kì í sì í bá a lọ, yóò là.

Ibi kejì ni abẹ́ etí pákó. Omi tí ó bá ṣàn dé etí kì í jábọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó a máa rá wọ abẹ́. Bí gbẹ́nàgbẹ́nà bá fa ihò tóóró kan sí abẹ́ pákó, nítòsí etí, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, omi yóò dé ibẹ̀, kò ní lè rékọjá, yóò sì kán sílẹ̀.

Ibi kẹta ni ẹsẹ̀ tábìlì àti ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹnu gígé ni ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀, orí ilẹ̀ tí a ń fi omi fọ̀ ni ó sì dúró lé. Ní ọ̀pọ̀ ilé, a máa ń gbé ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ sínú agolo omi kí èèrà má baà gun ún. Ọgbọ́n ni èyí sí èèrà, ṣùgbọ́n ìjàǹbá ni sí igi. Kí a fi òkúta kékeré tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ sínú agolo náà, kí ó ga ju omi lọ, kí ẹsẹ̀ sì dúró lórí òkúta. Báyìí èèrà kò ní rí ọ̀nà, igi kò sì ní mu omi. Kí a yọ́ àbẹ́là sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ náà pẹ̀lú; kí a sì máa da omi agolo nù lóòrèkóòrè kí ẹ̀fọn má baà yé sí i.

VII. Ìtọ́jú ojoojúmọ́

Kò sí òróró tí ó lè ṣe iṣẹ́ àkísà gbígbẹ. Kí a nu omi kúrò ní kété tí iṣẹ́ bá parí. Kí a má ṣe gbé ìkòkò gbígbóná tàbí ti irin tútù lé pákó lásán. Kí a fi òṣùká sí abẹ́ rẹ̀. Kí a gbé pákó ìgéran dúró ní ìbú lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́, kí afẹ́fẹ́ lè kàn án ní ìhà méjèèjì. Kí a má ṣe fi ọṣẹ tí ó mú jù fọ̀ ọ́, nítorí yóò bó òróró inú rẹ̀ kúrò.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá àsìkò tó láti tún òróró pa, kí a kán omi díẹ̀ sí ojú pákó. Bí ó bá dúró roboto bí ìrì lórí ewé kókò, ó ṣì dára. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ojú igi sì dúdú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, igi ń mu omi nìyẹn.

Bí pákó bá ti dúdú tẹ́lẹ̀, kí a fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún ibẹ̀. Bí ó bá le, àbàwọ́n lásán ni; kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a ha á, kí a sì pa òróró. Bí ọ̀bẹ bá wọlé bí ẹni gún iṣu sísè, olú ti jẹ ẹ́. Kí a gé ibẹ̀ kúrò títí a ó fi dé ara igi tí ó le, kí a fi pákó mìíràn dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣáájú gbogbo èyí, kí a wá ibi tí omi ti ń wá, kí a dí i. Ẹni tí ó pààrọ̀ pákó tí kò tún ẹ̀rọ omi tí ń jò ṣe ń tọ́jú oúnjẹ sílẹ̀ fún olú ni.

VIII. Bí a ó ṣe fi kọ́ àwọn ọmọdé

Kí olùkọ́ wá pákó arère kékeré méjì tí ó dọ́gba. Kí ó fi rúlà wọn ìbú àti gígùn wọn, kí àwọn ọmọ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó yọ́ àbẹ́là sí ẹnu gígé ìsàlẹ̀ ọ̀kan, kí ó fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ó gbé àwọn méjèèjì dúró nínú àwo tí ó ní omi díẹ̀ tí a fi yíǹkì pa láró. Ní ọjọ́ kejì, kí ó la àwọn méjèèjì. Àwọn ọmọ yóò rí i bí aró ti gòkè nínú èyí tí a kò dí, àti bí èyí tí a fi àbẹ́là dí kò ti rí púpọ̀ mu. Lẹ́yìn èyí, kí ó rì pákó mìíràn tí wọ́n ti wọ̀n sínú omi fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n sì tún un wọ̀n: ìbú rẹ̀ yóò ti pọ̀ sí i, gígùn rẹ̀ kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Kò sí owó ńlá nínú ẹ̀kọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ tí yóò rí i tí yóò gbàgbé.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni a ó rán lọ sí ibi tí pẹpẹ kan ṣoṣo yóò wà ní ilé ìdáná olùkọ́, tí kò sì ní sí owó láti ra òmíràn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí yóò gba ipò wa lẹ́yìn wa bá a níbẹ̀, kí ó sì bá a ní gbígbẹ.

Ìbéèrè fún àṣàrò

1. Kí ni ìdí tí ẹnu gígé pákó fi ń mu omi ju ojú pẹrẹsẹ rẹ̀ lọ?

2. Kí ni ìdí tí igi tí ó rì sínú ọ̀sà fi lè pẹ́ ju tábìlì tí ń tutù tí ó sì ń gbẹ?

3. Ohun wo ni epo pupa kò lè ṣe tí òróró èso ọ̀gbọ̀ lè ṣe? Ewu wo ni ó sì wà nínú àkísà rẹ̀?

4. Lọ wo ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ wa. Ibi mélòó ni o rí tí omi ti lè gbà wọ inú igi?